Ọwọ́ Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

“Ẹ̀yin lẹ ń gba ọwọ́ wọn lọ́wọ́ wọn.”

Gbólóhùn yìí ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ọ̀dọ́bìnrin fisió, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdánrawò tọ́jú ara, tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́. Kò pariwo, kò sì fajú ro. Ó ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò lọ́wọ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ń ṣú. Ó sọ ọ́ tán, ó bá tirẹ̀ lọ, ó fi èmi àti ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú yàrá.

Inú ló kọ́kọ́ bí mi. Èmi tí mò ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, èmi tí mò ń bọ́ aṣọ, tí mò ń wọ aṣọ, tí mò ń fi ṣíbí sí wọn lẹ́nu, èmi ni mo wá di olè ọwọ́? Bí mo bá ń fọ abọ́, mo ń dá a lóhùn nínú ọkàn mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, mo ń rò ó pé ká ní mo sọ báyìí, ká ní mo sọ tọ̀hún. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i pé kì í ṣe òun ni mò ń bá jà mọ́. Mò ń bẹ̀rù pé ó lè jẹ́ òótọ́.

## Ife omi kan

N kò ní pẹ́ lórí ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní stroke, kọlu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹni tó bá ti rí i rí mọ bó ṣe ń rí. Ọwọ́ ọ̀tún ló mú, èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé, àti ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò bà jẹ́ lẹ́nu wọn. Ẹsẹ̀ tètè ń bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà wà lórí itan wọn bí ẹrù tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, fisió gbé ife ike kan tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì, lápá ọ̀tún. Ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi.” Ẹ̀gbọ́n mi wo ife náà. Ìka wọn mì díẹ̀, bí ìgbín tó fẹ́ yọrí tó tún ń ṣiyèméjì. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde, mo ti gbé ife, mo ti fi sí wọn lọ́wọ́ òsì. Wọ́n mu ún. Wọ́n ní, “O ṣeun, àbúrò mi.” Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Fisió gba ife náà, ó tún omi bù sí i, ó gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó wá yíjú sí mi: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó lé ọwọ́ yín méjèèjì.” Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo ti ọwọ́ mi sábẹ́ itan bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń jẹ níyà.

“Mà, ẹ mu omi.”

Èjìká ló kọ́kọ́ gbéra. Ó ga sókè dé etí, bí ẹni pé òun ló fẹ́ lọ gbé ife náà fúnra rẹ̀. Apá wá ń wọ́ tẹ̀lé e lórí tábìlì. Òógùn yọ níwájú orí wọn. Ìka kan ife, ife yẹ̀, omi dà sí wọn láṣọ. Gbogbo ara mi fò, àfi ọwọ́ tí mo jókòó lé. Fisió kò sọ nǹkan kan. Ó tún omi bù, èyí tó kéré sí ti àkọ́kọ́, ó sì sún ife náà mọ́ wọn díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ife tún yẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìka wọn ká mọ́ ọn, ife náà kúrò lórí tábìlì. Kò ga ju ìbú ìka kan lọ. Wọ́n tún gbé e kalẹ̀. Wọn ò mu omi kankan.

Ó lé ní ìṣẹ́jú kan dáadáa. Bí mo ṣe gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n mi kò wo èmi, wọn ò wo fisió. Ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ kan tó ti rin ìrìn àjò tipẹ́tipẹ́. Kété lẹ́yìn ìyẹn ni fisió palẹ̀ mọ́, tó sì sọ ọ̀rọ̀ tó sọ.

## Apá tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́

Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ń yọ mí lẹ́nu, ìwé ni mo máa ń kà, mo sì ti ka èyí tí mo lè kà. Bí mo ṣe ń kà ni mo pàdé Edward Taub, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ìhùwàsí ẹranko. Ó gé àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti apá ọ̀bọ lọ sí ọpọlọ, kò sì fọwọ́ kan àwọn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá sí apá. Ìyẹn ni pé apá náà lè ṣiṣẹ́. Ọ̀bọ kàn ni kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Síbẹ̀ kò lò ó. Ó fi í sílẹ̀ kó máa fì. Nígbà tí Taub so apá kejì tó yè, ọ̀bọ na apá tí gbogbo ènìyàn ti kà sí òkú, ó sì fi ṣiṣẹ́.

Àlàyé tó ṣe ni pé, ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀bọ gbìyànjú. Ó nawọ́, ó já bọ́. Ó mú oúnjẹ, oúnjẹ bọ́. Ìjákulẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀kọ́, apá tó yè sì wà nítòsí tó ń yanjú gbogbo rẹ̀ láìsí wàhálà. Nígbà tí ara wá sàn débi tí apá náà ìbá fi lè ṣe nǹkan, ọ̀bọ ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ jinlẹ̀: má wulẹ̀ dán an wò.

(Ìtàn àwọn ọ̀bọ yìí kò mọ́ tónítóní o. Ní 1981, ọlọ́pàá kó ọ̀bọ 17 kúrò nílé ìwádìí rẹ̀ ní Silver Spring nítorí ẹ̀sùn ìwà ìkà sí ẹranko. Wọ́n dá a lẹ́bi, ilé ẹjọ́ gíga sì padà wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Èmi ń jẹ nínú ìmọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.)

Láti ara ọ̀bọ, ọ̀rọ̀ dé ara ènìyàn. Ìwádìí EXCITE, tó jáde ní 2006, kó ènìyàn 222 jọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù láàárín oṣù 3 sí oṣù 9 ṣáájú. Ìdajì wọn wọ ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ tó yè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àfojúsùn ni pé kó wà níbẹ̀ fún ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí ojú wọn fi là. Ọwọ́ tó rọ ni wọ́n ń fi ṣe gbogbo nǹkan, tí wọ́n sì ń fi ṣe ìdánrawò fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́. Nígbà tí ọdún kan pé, iṣẹ́ tó ń gbà wọ́n ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 19 ti wá ń gbà wọ́n ní 9. Àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n sábà ń ṣe náà sàn sí i, ṣùgbọ́n tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ gbogbo ènìyàn ló wà fún ìtọ́jú yìí: ẹni tí ọrùn ọwọ́ àti ìka rẹ̀ kò lè mì rárá kò sí nínú ìwádìí náà.

Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́. Nílé wa, òsì nìkan ló ń wẹ̀, èmi sì ti sọ ara mi di òsì kejì. Ohun tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn rí nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

## Mo wá di sójà

Ibi tí ìtìjú ti mú mi lọ tún burú ju ibi tí mo ti ń bọ̀ lọ. Mo yípo pátápátá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo ti to ife sórí tábìlì. Mo so bẹ́líìtì, mo kó bọ́tìnnì, mo kó owó wẹ́wẹ́ sínú abọ́. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ní ó rẹ àwọn, mo máa ń sọ nípa ọ̀bọ. Ní ọjọ́ kan wọ́n gbá gbogbo owó náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, wọ́n sì sunkún. Mo kó o, mo tún un tò. Ìwà tí mo hù lọ́jọ́ náà ni mi ò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìwádìí kan wà tó jẹ́ pé, ká ní mo ti kà á tẹ́lẹ̀, ì bá ti mú mi ní sùúrù. AVERT ni wọ́n ń pè é. Julie Bernhardt láti Ọsirélíà ló darí rẹ̀, èsì rẹ̀ jáde ní 2015: aláìsàn 2,104, ilé ìwòsàn 56, orílẹ̀-èdè 5. Ìbéèrè wọn rọrùn. Bí a bá gbé aláìsàn rọpárọsẹ̀ dìde lórí ibùsùn kí wákàtí 24 tó pé, tí a sì mú kó máa ṣe é léraléra ju bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ, ṣé kò ní sàn jù? Gbogbo wa la máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n tètè kó nírìn-ín gidi ló bọ́ sípò dáadáa. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó jẹ́ 50. Ìtara náà pa àwọn kan lára. Nígbà tí wọ́n tún àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kì í ṣe ìdìde ló ṣe é. Ìdìde ráńpẹ́ tó ń wáyé léraléra bá ara mu. Èyí tó gùn, tó ń fa aláìsàn lọ láìdáwọ́ dúró, ni kò dára.

Àsìkò náà tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2021, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn 72 ní wákàtí 20 àfikún ìdánrawò ọwọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n fún wọn yàtọ̀ síra. Àwọn tó gbà á ní oṣù kejì sí ìkẹta lẹ́yìn àìsàn ló jèrè rẹ̀ jù. Àwọn tó gbà á láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ jèrè, ṣùgbọ́n kò tó ti àwọn wọ̀nyẹn. Àwọn tó dúró di oṣù mẹ́fà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí kò gba àfikún. Ọpọlọ ní ìgbà tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, bí ẹni tí ó ń wá ẹni tí yóò kọ́ òun ní nǹkan.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, àyà mi já, torí mo ń ka oṣù lórí ìka. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kì í tì pa. Ní London, ibi kan wà tí wọ́n ń pè ní Queen Square tí wọ́n ti fún ènìyàn 224 ní wákàtí 90 ìtọ́jú ọwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ju ọdún kan lọ lẹ́yìn tí àìsàn kọlù wọ́n. Ọwọ́ wọn sàn sí i, ó sì ṣì ń bẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n tún wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Wọn kò fi ẹgbẹ́ mìíràn wé wọn nínú ìwádìí yẹn, nítorí náà mi ò ní gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye wákàtí yẹn: 20 níbì kan, 90 níbì kejì. Kí ni àwa ń fún ẹ̀gbọ́n mi kí ife omi tó dé? Wákàtí méjì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ méje tí mo fi ń gbé gbogbo nǹkan fún wọn.

## “Ẹ sáà máa sinmi”

Àwọn tó ń wá kí wọn kò ran ọ̀ràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: ẹ sinmi, ẹ sinmi dáadáa. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, ó sì máa ń dùn mọ́ ẹni tó ń sọ ọ́.

Ní 1966, ní ìlú Dallas, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún tí ara wọn le, ọmọ ogún ọdún, wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Agbára tí ara wọn fi ń lo afẹ́fẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá le jù wálẹ̀ ju ìdá mẹ́rin kan lọ. Wọ́n ṣe ìdánrawò, ó padà. Ibi tí ìtàn náà ti wá dùn ni pé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún wá àwọn ọkùnrin márùn-ún kan náà kàn. Wọ́n ti di ẹni àádọ́ta ọdún, wọ́n ti sanra. Ohun tí ọgbọ̀n ọdún gbà lára wọn kò tó ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí ibùsùn gbà. Mo máa ń ronú nípa wọn bí mo bá ń tún ìrọ̀rí tò.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde láti ibi tí kò jọra. Nípa ẹ̀yìn dídùn: ní Finland, ní 1995, àwọn òṣìṣẹ́ 186 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú gba ìmọ̀ràn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, àwọn kan ṣe ìdánrawò fún ẹ̀yìn, àwọn tó kù kàn ń bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ débi tí ìrora bá gbà wọ́n láàyè. Àwọn ìkẹyìn yìí ló tètè sàn jù. Ní 2024, wọ́n tún fi ìrìn lásán tọ́jú àwọn tí ẹ̀yìn ti fi sílẹ̀, kó má baà padà wá. Ènìyàn 701 ni, ní Ọsirélíà. Àárín gbùngbùn àkókò tí ẹ̀yìn fi padà mú àwọn tó ń rìn jẹ́ ọjọ́ 208. Ti àwọn tí kò gba ìtọ́jú náà jẹ́ 112.

Ní 2025 ni èyí tó yà mí lẹ́nu jù jáde, nípa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ènìyàn 889 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n sì ti gba oògùn tán. Ìdajì ní ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà nínú eré ìdárayá fún ọdún mẹ́ta. Ìdajì kejì gba ìwé ìmọ̀ràn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 80.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́ ló wà láàyè láìsí pé àrùn náà padà. Nínú àwọn tó gba ìwé, ó jẹ́ 73.9. Bí oògùn kan bá ṣe èyí, gbogbo ayé ni yóò ti mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé wọ́n kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rìn. Ẹnìkan wà pẹ̀lú wọn, fún ọdún mẹ́ta.

## Àwọn tí “ẹ ṣe gírí” ń pa lára

Bí mo bá dúró síbí, ẹ máa rò pé ìrìn ni oògùn gbogbo nǹkan. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé èmi náà ti ń rò bẹ́ẹ̀, títí ọ̀rẹ́ mi kan fi dá mi lóhùn. Láti ìgbà tí Kòrónà ti ṣe é, ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Bó bá fọ ilé lónìí, ó di ọjọ́ mẹ́ta kó tó lè dìde. Mo ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.”

Òun ló jàre. Ní 2024, ní Amsterdam, wọ́n mú ènìyàn 25 tó wà nírú ipò rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wa kẹ̀kẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, wọ́n sì gé iṣan itan wọn díẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ láti fi wò ó. Ìpalára tó hàn sójú wà nínú iṣan náà, ibi tí iṣan ti ń ṣe agbára sì túbọ̀ dẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ní 2021 ni NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, yọ ìdánrawò tí wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ìtọ́jú àìsàn àárẹ̀ tí kì í lọ, tí wọ́n ń pè ní ME. Ó ti pẹ́ tí àwọn aláìsàn yẹn ti ń pariwo pé ó ń pa wọ́n lára. “Ẹ ṣe gírí” kan náà tí mo fi ń dá ẹ̀gbọ́n mi lóró ni wọ́n ń sọ fún wọn.

## Ọwọ́ mi náà

Ìwádìí kan tún wà tó bà mí nínú jẹ́ díẹ̀. Ní 2017, àwọn kan ní India kọ́ àwọn ẹbí aláìsàn rọpárọsẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa fi ìdánrawò tọ́jú ẹni wọn nílé. Ènìyàn 1,250, ilé ìwòsàn 14. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, nínú àwọn tí ẹbí wọn gba ẹ̀kọ́ àti àwọn tí tiwọn kò gbà, iye àwọn tó kú tàbí tí kò lè dá nǹkan ṣe fún ara wọn jẹ́ ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún, lápá méjèèjì. Kò yàtọ̀. Mo ti ń retí pé kí ẹnìkan sọ fún mi pé ìfẹ́ mi lè di iṣẹ́ fisió bí mo bá sáà kọ́ ọ.

Ohun tí mo wá ń rò ni pé mo ti ń ka ọjọ́ ife omi yẹn lódì. Mo rò pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí n jókòó lé ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè jókòó lé ọwọ́. Ohun tí mi ò kíyè sí ni ohun tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn ṣe lẹ́yìn tí ife dà: ó dín omi kù, ó sì sún ife náà mọ́ wọn. Ó wọn iṣẹ́ náà mọ́ ọwọ́, kó le débi tí wọn yóò fi làágùn, kó má le débi tí wọn kò ní tún dán an wò. Lẹ́ẹ̀kẹta ó bọ́ sí i. Ọgbọ́n yẹn kò sí nínú ìfẹ́, kò sí nínú ìtara. Iṣẹ́ ni, wọ́n sì ń kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, nǹkan bí bílíọ̀nù 2.4 ènìyàn lágbàáyé ló ní àìsàn tí irú ìtọ́jú yìí lè ṣe láǹfààní, ìyẹn ẹnìkan nínú mẹ́ta. Kò sí bí fisió yóò ṣe jókòó sí ilé gbogbo wọn. Síbẹ̀ mi ò lè sọ pé èmi ni arọ́pò.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìkẹyìn, ohun tí èmi lè ṣe. Ó ní kí n máa kọ ohun tí wọ́n gbìyànjú sílẹ̀, yálà ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i, kí n sì pe òun bí nǹkan kan bá ti rọrùn jù fún wọn, kó tó sú wọn. Ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì wa báyìí fún un.

Láàárọ̀ àná, a fẹ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, aago ń lọ. Èyí àkọ́kọ́ wọlé. Èkejì ń yọ̀, ń yọ̀, ń yọ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń sún mọ́ wọn títí wọ́n fi gbójú sókè.

“Jókòó lé ọwọ́ ẹ,” wọ́n ní.

Mo jókòó. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, bọ́tìnnì kẹta ti wọ ihò kẹrin, ọrùn ẹ̀wù náà sì wọ́ sápá kan. A jáde bẹ́ẹ̀.